Òkè Ọya kì í ṣe orí òkè: ibi tó tẹ́jú àti ibi tó ga ní Nàìjíríà

Ìbéèrè tó wọlé nìyí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 36 ni mí, ọkọ̀ akẹ́rù ni mò ń wà, Èkó sí Ìbàdàn, Èkó sí Benin, mi ò kì í kọjá ibẹ̀. Oníbàárà mi kan wá fẹ́ kí n máa bá òun kó ẹrù lọ sí Jos, Enugu àti Yola. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní Òkè Ọya tẹ́ pẹrẹsẹ, pé gúúsù ló ní òkè, àwọn kan ní irọ́ ni, pé òkè tó pọ̀ níbẹ̀ ló jẹ́ ká máa pè é ní Òkè Ọya. Mo wo máàpù inú ìwé jọ́gíráfì ọmọ mi, mo rí i pé ìsàlẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ibòmíì jẹ́ búráùn, mo ní búráùn yẹn ni aṣálẹ̀. Ọmọ náà ní kí ló dé tí aṣálẹ̀ wá wà ní Jos, mi ò rí èsì fún un. Ẹ bá mi là á yé, ibo gan-an ló tẹ́jú, ibo ló ní òkè, ibo ni mọ́tò mi á ti jìyà?"

Àbúrò, ọjọ́ orí tó o kọ ló jẹ́ kí n máa pè ẹ́ bẹ́ẹ̀, má bínú. Iṣẹ́ sọ́fẹ́yọ̀ ni mo fi ohun tó ju 30 ọdún ṣe, títì la sì máa ń wọ̀n jù, kí katakata tó débẹ̀ làwa ti máa ń débẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àti ọ̀pá onínọ́ńbà wa, torí náà ìbéèrè ẹ dùn mọ́ mi, mà á sì dáhùn ẹ̀ gùn díẹ̀. Ohun tó ń da ìwọ àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ láàmú ni pé ẹ di ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ sínú àpò kan. Kí ilẹ̀ ga, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kí ilẹ̀ rí gbágungbàgun, ọ̀tọ̀ nìyẹn náà. Ilẹ̀ lè ga gan-an kó sì tẹ́ bíi tábìlì, ilẹ̀ míì lè wà nísàlẹ̀ kó jẹ́ pé ẹsẹ̀ mẹ́wàá o ò ní rìn kó o tó gun òkè, ẹsẹ̀ mẹ́wàá míì o ti já sí kòtò. Èyí tí wọ́n ń kùn sínú máàpù ni gíga. Èyí tó ń jẹ bíréèkì ẹ ni gbágungbàgun.

Èdè wa náà wà lára ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú. "Òkè" tá a ń sọ yìí, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló túmọ̀ sí ibi tó ga. Ẹni tó bá ti kọjá odò, a máa ń ní ó wà lókè odò. Òkè Ọya nìyẹn, òdìkejì Odò Ọya lápá ibẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó ń sọ pé orí òkè ni wọ́n ń gbé. Òkè òkun ńkọ́, ṣé orí òkè ni London wà ni? Lagos Island tẹ́ débi pé tí òjò bá rọ̀, omi ò mọ ibi tó fẹ́ gbà, síbẹ̀ ẹ ní Òkè Àrìn, ẹ ní Òkè Pópó. Orúkọ lè tàn ẹ́ jẹ. Ìyẹn kọ́ ni gbogbo ẹ̀ ṣá, torí Èkìtì ò tan ẹnikẹ́ni jẹ, òkìtì ni wọ́n ní orúkọ yẹn ti wá, tó o bá sì débẹ̀ wàá rí i fúnra ẹ.

Ti máàpù ọmọ ẹ rọrùn. Àwọ̀ ewé tó wà níbẹ̀ kì í ṣe igbó, búráùn náà kì í ṣe aṣálẹ̀. Gíga láti ojú òkun ni wọ́n fi ń kùn ún: ibi tó bá sún mọ́ ojú òkun, wọ́n á kun ún ní àwọ̀ ewé, bó ṣe ń ga sí i ni wọ́n á máa yí i sí yẹ́lò, títí tó fi máa dé búráùn tó pọ́n. Jos jẹ́ búráùn torí pé ó wà ní bíi 1,200 mítà sókè ojú òkun, koríko tútù ló kún ibẹ̀, ibẹ̀ ni ànàmọ́ òyìnbó tẹ́ ẹ̀ ń jẹ l'Ékòó ti ń wá. Ibi tó dà bí aṣálẹ̀ gan-an lórílẹ̀-èdè wa, lápá òkè Yobe àti Borno níbi tí yanrìn ti ń gba oko, ìsàlẹ̀ ló wà tó o bá fi wé Jos, wọn ò sì ní kun ún ní búráùn tó pọ́n. Àwọn tó kọ́kọ́ yan àwọ̀ yẹn ò rò ó dáadáa, èrò tèmi nìyẹn, gbogbo èèyàn ló ń ṣì í mú.

Ẹ jẹ́ ká wá fi nọ́ńbà bá ara wa sọ̀rọ̀. Kano wà ní bíi 480 mítà sókè ojú òkun. Ìbàdàn wà ní bíi 200 mítà àti díẹ̀, Enugu náà ò jìnnà síyẹn. Ìyẹn ni pé Kano ga ju Ìbàdàn lọ ní ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bi ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ ní ìlú méjèèjì léèrè èwo ni itan ẹ̀ ti dùn ún. Ní Kano, yàtọ̀ sí òkìtì Dala àti Goron Dutse tó dá dúró sáàárín ìlú, o lè gun kẹ̀kẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ láìfi bẹ́ẹ̀ làágùn, ìyẹn tí oòrùn bá gbà fún ẹ. Ní Ìbàdàn, láti Ọjà'ba dé Mápó lásán, wàá ti sọ̀ kalẹ̀ máa tì í. Kó o tó dé Kaduna láti Èkó, ilẹ̀ á ti gòkè tó nǹkan bíi 600 mítà, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ju 700 kìlómítà lọ, tá a bá pín in, kò tó mítà kan nínú kìlómítà kan. Ẹ́ńjìnì ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé òun ń gòkè. Ohun tó ṣe pàtàkì nìyẹn: kì í ṣe iye tí ilẹ̀ fi ga, bí ibi tó ti ga yẹn ṣe jìnnà sí ìsàlẹ̀ tó ni.

Àwọn ibi tó tẹ́jú tó sì wà nísàlẹ̀, etíkun ni, látọ̀dọ̀ yín l'Ékòó lọ dé Bayelsa àti Rivers. Ẹrẹ̀ àti yanrìn tí odò kó wá ló di ilẹ̀ níbẹ̀, omi sì máa ń tẹ́ ẹrẹ̀ gbọọrọ ni. Ọ̀nà Benin tó o mọ̀ yẹn, orí iyanrìn ló wà púpọ̀, ìdí nìyẹn tó fi gùn tó sì tọ́ báyẹn. Tó o bá wá ń bọ̀ ní Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni àpáta ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí yọjú, Olúmọ ni gbogbo ayé mọ̀, ó sì kéré, orí ẹ̀ ò ju bíi 137 mítà sókè ojú òkun, ọlá ogun àti ìtàn ló jẹ́ kó lókìkí. Ìbàdàn tó o ti ń ná láti ọjọ́ yìí, tí wọ́n ní orí òkè méje ló wà, gun Layípo, ilé gogoro tó wà lórí Òkè Àárẹ̀, lọ́jọ́ kan kó o wo bí ìlú náà ṣe rí, wàá mọ ìdí tí Omíyalé Ògùnpa ti August 31, 1980 fi pa èèyàn báyẹn: omi orí gbogbo òkè wọ̀nyẹn, odò kan ṣoṣo ló ń já sí, wọ́n sì ti fi ilé àti pàǹtí dí ojú ẹ̀. Òkè kékeré lè pa èèyàn ju òkè ńlá lọ.

Ibi tí òkè ti wá ń di òkè lápá ọ̀dọ̀ wa ni Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Ìdànrè àti Àkókó. A wọn títì kan rí nítòsí Ẹ̀fọ̀n Aláàyè. Kó o lè mọ bó ṣe rí, ẹ̀rọ tá a fi ń wo bí ilẹ̀ ṣe tẹ́jú tó, inú ẹ̀ lo máa ti wo ọ̀pá tí ẹnì kan dì mú lọ́ọ̀ọ́kán, tí ilẹ̀ bá tẹ́jú, ẹni tó di ọ̀pá mú lè rìn lọ jìnnà kó o ṣì máa rí i kà. Lójú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n yẹn, kò tíì rìn tó 20 mítà tí orí ọ̀pá ti wọlẹ̀ mọ́ wa lójú, àfi ká tún gbé ẹ̀rọ, ká tún un tò, ká tún bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tá a ní ọ̀sẹ̀ kan la máa fi ṣe, ó gba oṣù kan. Òkè yẹn kan náà ló jẹ́ kí ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, pẹ́ tó báyẹn láàárín Òkè-Ìmẹ̀sí àti Igbájọ: ẹni tó bá ti wà lórí òkè, ìwọ tó wà nísàlẹ̀ ò lè rọ́ lù ú bó ṣe wù ẹ́. Orúkọ ogun náà gan-an, ìró ìbọn ńlá wọn ni, bó ṣe ń kọlu òkè tó sì ń padà wá, kì-rì-jì, kì-rì-jì. Ìdànrè ní tiẹ̀, àtẹ̀gùn 682 ni wàá gùn kó o tó dé ìlú àtijọ́ lókè. Síbẹ̀ gbogbo ilẹ̀ yìí ò ga tó Jos rárá. Gbágungbàgun ẹ̀ ló pọ̀.

Èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni pé àárín Nàìjíríà gan-an jẹ́ kòtò. Bóyá o rò pé látetíkun, ilẹ̀ á máa gòkè títí á fi dé Sókótó. Rárá o. Tó o bá kúrò ní Èkìtì àti Àkókó tó o gba Kàbbà, o máa sọ̀ kalẹ̀ wá sí Lọ́kọ́ja, Lọ́kọ́ja tó jìnnà sí òkun ní nǹkan bíi 300 kìlómítà, ẹsẹ̀ odò níbẹ̀ ò tó 100 mítà sókè ojú òkun. Odò Ọya ló gbẹ́ apá kan, Benue gbẹ́ apá kejì, wọ́n pàdé níbẹ̀. Àfonífojì Benue yìí gùn, ó sì tẹ́ lọ títí dé Yola. Ìwọ tó ò ń bẹ̀rù Yola, ìlú Yola ò tó 200 mítà sókè ojú òkun. Ó wà nísàlẹ̀ ju Ìbàdàn lọ! Omi Benue níbẹ̀ ṣì ní ohun tó ju 900 kìlómítà láti rìn kó tó dé òkun, ẹ wo bó ṣe ń rọra sọ̀ tó, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ ojú omi ńlá fi máa ń gòkè lọ dé Garoua ní Cameroon láyé àtijọ́, lásìkò tí odò bá kún. Ilẹ̀ títẹ́ báyìí ní wàhálà tiẹ̀ náà, ní 2012 àti 2022 omi bo títì Lọ́kọ́ja sí Abuja lápá Koton Karfe, tírélà tò sílẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, kò sí òkè tí wọ́n lè sá gùn.

Lápá Enugu, ọ̀rọ̀ orúkọ tún dé. Énú Ugwu ni wọ́n fa Enugu yọ látinú ẹ̀, orí òkè lédè Igbo, ṣùgbọ́n ìlú Enugu wà nídìí òkè ni, kì í ṣe lórí ẹ̀. Òkè Udi ló wà lẹ́yìn ẹ̀ bí ògiri, inú òkè yẹn ni wọ́n ti wa èédú láyé àwọn òyìnbó. Ibi tó kàn ẹ́ nìyí, fetí sílẹ̀ dáadáa. Òkè yẹn ní ojú méjì. Ojú tó kọ sí Onitsha rọra dagẹ̀rẹ́ ni, ojú tó kọ sí Enugu já gìrì. Ìwọ tó ò ń bọ̀ láti Èkó, Asaba, Onitsha, wàá máa gòkè láìmọ̀ pé ò ń gòkè, ẹ́ńjìnì ẹ á kàn máa wúwo díẹ̀díẹ̀, wàá rò pé epo ló burú. O dé Ninth Mile, o ra ọ̀kpá jẹ, o ní o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Lójijì ilẹ̀ á ṣí níwájú ẹ, ìlú á wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ọkọ̀ ẹ pẹ̀lú ẹrù á sì máa tì ẹ́ láti ẹ̀yìn. Títì àtijọ́ tó gba Miliken Hill tilẹ̀ yí bí ejò, àwọn tó là á mọ̀ pé tí wọ́n bá là á tọ́, kò sí mọ́tò tó máa lè sọ̀ ọ́. Má gbé ẹrù ńlá gba ibẹ̀.

Jos ní tiẹ̀ dà bíi tábìlì tí wọ́n gbé kalẹ̀ sáàárín pápá. Lókè lọ́hùn-ún, ilẹ̀ tẹ́jú ju bó o ṣe rò lọ, àpáta kàn tò káàkiri ni, àyàfi àwọn òkè Shere tó ga tó 1,829 mítà. Etí tábìlì yẹn ni ìṣòro. Láti Akwanga tí kò tó 600 mítà, ìwọ̀nba ìrìn díẹ̀ báyìí wàá ti gùn ju 500 mítà lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Hawan Kibo. Hawan lédè Hausa, gígun òkè ni, orúkọ yìí ò purọ́. Mo ti dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ mi rí ní ọ̀sán gangan. Tírélà tó ń gòkè ò yára ju èèyàn tó ń rìn lọ, ọmọ ọkọ̀ ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, ó gbé igi onígun mẹ́ta kan dání, bí ọkọ̀ bá ti mí pẹ́ẹ́ pé òun fẹ́ padà sẹ́yìn, á sọ igi náà sábẹ́ táyà. Àwọn tó ń sọ̀, o ò tíì rí wọn tí o ti ń gbóòórùn wọn, òórùn bíréèkì tó ń jóná, ó máa ń wọ èèyàn lẹ́nu bíi rọ́bà. Lápá Bauchi tàbí apá Zaria, òkè náà ò já tó bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ ti ga tẹ́lẹ̀, ó sì rọra gbé ẹ gòkè ni. Orí òkè Jos yìí kan náà ni Odò Kaduna ti ṣẹ̀, ibẹ̀ ni Gongola ti ṣẹ̀, àwọn míì sì ń ṣàn láti ibẹ̀ forí lé apá Chad. Kò sí ohun tó ń jẹ́ pé omi gbọ́dọ̀ ṣàn wá sí gúúsù torí pé gúúsù wà nísàlẹ̀ ìwé. Ibi tó bá ṣí sílẹ̀ fún omi ló ń lọ.

Òtútù tí wọ́n ń sọ nípa Jos, gíga ló fà á, bí o bá gun 1,000 mítà, òtútù á fi nǹkan bíi 6 digiri Celsius lé e. Omi náà ò nílò kó gbóná tó ti Èkó kó tó hó, bíi 96 digiri ló ti ń hó níbẹ̀. Ìyá tó ń gbọ́únjẹ fún wa níbi iṣẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó bá ẹ̀wà jà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó ní ẹni tó tà á fún òun ti ta ẹ̀wà èṣí fún òun. Omi ń hó yaya, ẹ̀wà ò rọ̀. Nígbà tá a ṣàlàyé fún un, kò gbà, ó ní ìwé ti ba orí wa jẹ́.

Òkè tó ga jù lọ ní Nàìjíríà wà ní Taraba, lẹ́bàá ààlà Cameroon, Chappal Waddi, 2,419 mítà. Ilẹ̀ gíga Mambilla náà wà nítòsí ibẹ̀, ìpíndọ́gba ẹ̀ tó 1,600 mítà, wọ́n ń gbin tíì níbẹ̀, màlúù ń jẹ koríko nínú kùrukùru. Tó o bá fa ìlà láti Obudu ní Cross River, gba Mambilla, gba ààlà Adamawa lọ dé àwọn òkè Mandara lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gwoza, ìlà yẹn ni ẹ̀yìn Nàìjíríà, ibẹ̀ ni òkè gidi tò sí. Títì tó gun Obudu nìkan, 22 ìgbà ló yí kó tó délé. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún ẹ, tá a bá gbé gbogbo ẹ̀ síwájú Kilimanjaro tó jẹ́ 5,895 mítà, òkìtì lásán ni tiwa.

Borno àti Sókótó ni wọ́n tẹ́jú jù lókè lọ́hùn-ún. Láti Maiduguri dé Adágún Chad, ìrìn tó ju 100 kìlómítà, ilẹ̀ ò sọ̀ ju bíi 50 mítà lọ. Nígbà tí mo ṣì kéré níṣẹ́ a ṣiṣẹ́ níbẹ̀, látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nọ́ńbà tí mò ń kà ò yí ju díẹ̀ lọ, àròpọ̀ ẹ̀ ò tó ibi èjìká mi. Ọ̀gá wa ní kí n padà lọ kà á lákọ̀tun, ó rò pé mo sùn lọ sẹ́nu ẹ̀rọ ni. Ìdí tó fi rí báyẹn ni pé abẹ́ adágún ló wà nígbà kan, nígbà tí Chad tóbi ju báyìí lọ fíìfíì, ìsàlẹ̀ omi ló tẹ́ ẹ. Tí òjò bá rọ̀ sórí ilẹ̀ dúdú ibẹ̀, firki ni wọ́n ń pè é, á di bí ọbẹ̀ ilá, mọ́tò tó bá yà kúrò lórí títì wọ̀ ọ́, ó dọjọ́ tí òjò bá dá.

Tí ọmọ ẹ bá bi ẹ́ kí ló fa gbogbo ẹ̀, ohun tí wàá sọ fún un nìyí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé mo rò pé àpáta ń hù bí igi ni. Kò hù. Ohun tó yí i ká ló lọ. Ní apá tó pọ̀ nílẹ̀ wa, òkúta líle tó ti wà ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ ló wà lábẹ́, omi ń wọ ibi tó bá sán, ó ń jẹ ẹ́ rà díẹ̀díẹ̀, òjò ń gbá ohun tó rà náà lọ, èyí tí kò sán dúró níbẹ̀ bí egungun lẹ́yìn tí ẹran ti tán lára ẹ̀. Bí Olúmọ, Ìdànrè àti Zuma ṣe wà nìyẹn. Ká ní o ní ₦100 tó jáde ní 1999, yí i sẹ́yìn, Zuma nìyẹn, Ìpínlẹ̀ Niger ló wà o, kì í ṣe Abuja bí gbogbo èèyàn ṣe ń sọ. Ibi tí odò tàbí òkun bá ti da yanrìn àti ẹrẹ̀ sílẹ̀, bí etíkun, àfonífojì Benue, Sókótó, Chad, ibẹ̀ ló máa ń tẹ́jú. Àwọn ibì kan bíi Biu ní Borno, òkè oníná àtijọ́ ló da òkúta yíyọ́ bo ibẹ̀.

Ó wá ku tìẹ. Ti Enugu, títì ò le, ibi kan ṣoṣo yẹn ni. Dúró ní Ninth Mile, jẹ́ kí gbogbo nǹkan tutù, gíà tó o mọ̀ pé wàá fi gun òkè náà ni kó o fi sọ̀ ọ́, kí ẹ́ńjìnì máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin awakọ̀ máa ń ju gíà sí fírì lórí ìdagẹ̀rẹ́ kí epo lè ṣẹ́kù, ìwọ̀nba epo yẹn ló máa ń sin èèyàn. Ti Yola, ọ̀nà méjì ló wà. O lè gba Makurdi, Wukari, Jalingo, Numan, àfonífojì lo máa tẹ̀ lé, òkè ò fi bẹ́ẹ̀ sí, tí òjò bá wá pọ̀, omi àti títì tó bàjẹ́ ló máa dá ẹ dúró. O sì lè gba Jos, Bauchi, Gombe, títì yẹn gùn, ó sì ní Hawan Kibo nínú, àmọ́ tí oníbàárà ẹ bá ní ẹrù tó máa já ní Jos, ó bọ́gbọ́n mu kó o so méjèèjì pọ̀. Tó bá jẹ́ èmi, ẹ̀ẹ̀rùn ni mà á gba ti Makurdi. Ti Jos ni kó o gba owó tó yàtọ̀ lórí ẹ̀, torí bíréèkì àti epo tó máa jẹ, atẹ́gùn lókè ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì tí kò ní turbo, ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn wọ inú ẹ́ńjìnì, á mọ̀ ọ́n lára. Má sì gbé ẹrù kọjá ìwọ̀n lọ síbẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sí Benin. Mo ń sọ ti ilẹ̀ nìkan ni o. Ọ̀rọ̀ ààbò lójú ọ̀nà Benue, Taraba àti Plateau, àwọn awakọ̀ tó ń ná ibẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí ni kó o bi, títì tó tẹ́jú lórí ìwé mi lè má ṣe é gbà lọ́jọ́ tó o fẹ́ lọ. Ipò tí bíréèkì ẹ wà, mẹkáníìkì ẹ ló mọ̀ ọ́n, kó yọ ọ́ wò kó o tó gba iṣẹ́ náà, kì í ṣe lẹ́yìn tó o bá ti gba owó àsansílẹ̀.

Ti ọmọ ẹ, má sọ èsì fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní kó wá Yola àti Ìbàdàn lórí máàpù yẹn, kó kọ́kọ́ sọ fún ẹ èyí tó rò pé ó ga jù.